Owó ọkọ̀ l'Ékòó: ta ló ń san jù, kí ló sì fà á?

Akọ̀wé_Àdúgbò béèrè:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ àdúgbò wa ń múra ìwé ẹ̀bẹ̀ kan lórí owó ọkọ̀, wọ́n sì ní kí n fi ìṣirò sí i. Gbogbo ayé ló ń sọ pé mẹ̀kúnnù ni owó ọkọ̀ ń ni lára jù l'Ékòó. Ṣùgbọ́n iye kan náà ni kọ́ńdọ̀ ń gbà lọ́wọ́ olówó àti tálákà tó bá jókòó sórí àga kan náà. Níbo gan-an ni ìrẹ́jẹ náà wà? Ṣé ẹ̀dínwó tí ìjọba ń ṣe lórí BRT (bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀) àti rélùwéè ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó dé? Kí la sì lè béèrè fún tó ju "ẹ bá wa dín in kù" lọ? Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà ni mo ń wá, mi ò wá ọ̀rọ̀ òṣèlú.

---

Ṣírò_Dáadáa:

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí àga. Ẹnu ọ̀nà ilé ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì parí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ẹ kọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀: kẹ̀kẹ́ tó gbé èèyàn jáde sí títì, bọ́ọ̀sì ńlá, àti kórópe tó tún gbé e láti ibùdókọ̀ wọ àdúgbò ibi iṣẹ́. Ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì fún àlọ àti àbọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 22, iye ọjọ́ iṣẹ́ inú oṣù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé, ẹ fi 26 ṣe tirẹ̀. Owó tó dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ gan-an ni kẹ́ ẹ fi pín in, kì í ṣe iye tó wà nínú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó ń ti Ìgbógbó lọ sí Victoria Island. Àpẹẹrẹ lásán ni owó tí mo fẹ́ lò yìí o, ẹ fi èyí tí ẹ bá bá ní gáréèjì rọ́pò rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ dé Ìkòròdú ₦300, bọ́ọ̀sì dé CMS ₦1,000, kórópe wọ V.I. ₦300. Ó di ₦1,600 ní àlọ, ₦3,200 lójúmọ́, ₦70,400 lóṣù.

Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦85,000. Ọkọ̀ ti jẹ ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ₦70,000, ìyẹn ni pé owó oṣù á tán pátápátá, òṣìṣẹ́ á tún jẹ gbèsè ₦400 kó tó ra búrẹ́dì. Ọ̀gá tó ń gba ₦600,000, tó bá wọ ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn gan-an, kò tó ìdá 12.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá yẹn kì í gbé Ìgbógbó. Ibi tí ìdáhùn yín wà gan-an nìyẹn. Ẹni tó lágbára àtisan owó ilé ní Yábàá tàbí Súrùlérè, ọkọ̀ kan ló ń wọ̀, bóyá méjì. Ẹni tí owó ilé lé dé Ìkòròdú, Àgbàrá, Mowe tàbí Ìbafo, mẹ́ta ni, ìgbà mìíràn mẹ́rin. Ìsọ̀kalẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀, torí pé ọkọ̀ tó kàn kò mọ̀ pé èèyàn ti sanwó nínú èyí tó sọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. Ní 1985, ìjọba ológun fagi lé rélùwéè inú ìlú tí Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà kan, ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun mìíràn wó Maroko, àdúgbò mẹ̀kúnnù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Victoria Island, nǹkan bí 300,000 èèyàn sì di aláìnílé. Ìjọba kan mú ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú kúrò, òmíràn lé àwọn tó ń gbé nítòsí iṣẹ́ jìnnà.

---

Gáréèjì_Gíìkì:

Ẹ̀gbọ́n Ṣírò ti sọ ti èrò, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé awakọ̀ dáńfó kàn ń fi wá ṣèjẹ ni. Òótọ́ wà ńbẹ̀ tí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ní ìpìlẹ̀ tí èèyàn lè ṣírò.

Ẹ mú dáńfó oníjókòó 14 tó ń jó 40 lítà epo lójúmọ́. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 29, 2023, lítà kan tó nǹkan bí ₦185, owó epo ọjọ́ kan jẹ́ ₦7,400. Kété lẹ́yìn rẹ̀, NNPC ń tà á ní ₦488 l'Ékòó: ₦19,520. Nígbà tó kọjá ₦900 ní 2024, ó ti di ₦36,000.

Ẹ wá pín ₦36,000 sórí èrò. Tí ọkọ̀ bá lọ tó bọ̀ ní ìgbà mẹ́fà, tó kún ní àlọ tó kún ní àbọ̀, èrò 168 ló gbé; epo orí ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦214. Ṣùgbọ́n ta ló ń rí mẹ́fà ṣe? Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á sọ ọ́ di mẹ́rin. Láàárọ̀, gbogbo èèyàn ń wọ Erékùṣù, ọkọ̀ á kún ní àlọ, á gbé ìlàjì bọ̀. Èrò ti di 84. Epo orí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti di ₦429. (Ẹ má sọ pé ìrìn tó dínkù á dín epo kù. Ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ lójú kan lórí Third Mainland ń mu epo bí ẹni mu omi.)

Ẹ fi dẹ̀lífà kún un, ìyẹn iye tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ kó fún ọlọ́kọ̀ lálẹ́, òjò rọ̀ o, òjò ò rọ̀ o. Ká ní ₦20,000 ni: lórí èrò 168 ó jẹ́ ₦119, lórí 84 ó jẹ́ ₦238. Epo àti dẹ̀lífà nìkan, ₦333 fún ọkọ̀ tó rí ọ̀nà, ₦667 fún ọkọ̀ tó há sójú kan. A ò tíì sọ ti owó ojúmọ́ ìjọba o, ₦800 tí wọ́n kó pọ̀ ṣọ̀kan ní February 2022, a ò sì tíì sọ ti agbèrò tó ń gbowó tirẹ̀ ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìyẹn.

Ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ìlú ló ń sanwó àga òfìfo. Ọ̀nà Yábàá sí Ojúẹlẹ́gba ń rí èrò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀yìn odi ìlú, ẹ̀gbẹ́ kan ló ń kún láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì nírọ̀lẹ́, awakọ̀ sì ti ka àbọ̀ òfìfo yẹn mọ́ owó ẹni tó jókòó.

---

Ìyá_Alátẹ:

Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, gbogbo ìṣirò yín, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tó lọ láàárọ̀ tó bọ̀ nírọ̀lẹ́ lẹ fi ń ṣe é. Ẹ kọ ti obìnrin ọlọ́jà sílẹ̀ pẹ̀lú. Láti ilé sí ilé ìwé ọmọ, láti ibẹ̀ sí Mile 12, láti Mile 12 sí ìsọ̀: ìrìn kúkúrú mẹ́ta, owó mẹ́ta. Agbọ̀n tòmátì kan lè gba owó àga kan. Ọmọ tí kò bá jókòó lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, owó odindi ni. Bákan náà, àpò ẹrù kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ààyè nínú BRT láàárọ̀, torí náà ọkọ̀ tí ìjọba ṣe ẹ̀dínwó sí gan-an kọ́ ni ọlọ́jà ń wọ̀.

---

Akọ̀wé_Àdúgbò:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kọ àga òfìfo yẹn sílẹ̀, mi ò rò ó rí. Ẹ̀dínwó wá ńkọ́?

---

Ṣírò_Dáadáa:

Ẹ padà sórí ₦1,600 yẹn. Ká ní ìjọba yọ ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò lórí bọ́ọ̀sì rẹ̀. ₦250 ni. Kẹ̀kẹ́ kò yọ nǹkan kan, kórópe kò yọ nǹkan kan. Nínú gbogbo owó ìrìn náà, ìdá 16 péré ló dínkù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 25 ni rédíò ń pariwo.

Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ kò kan ọkọ̀ ìjọba rárá, òdo. Ẹ wo ibi tí ọ̀nà wọ̀nyẹn gbà. BRT bẹ̀rẹ̀ ní March 2008 láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Ó dé Ìkòròdú ní 2015. Òṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá tẹ̀lé e ní 2020. Rélùwéè aláwọ̀ búlúù ń gbé èrò láti September 4, 2023, Marina sí Mile 2, kìlómítà 13, ibùdó márùn-ún. ₦750 ni wọ́n bu lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì ń gba ₦375 nígbà ẹ̀dínwó àkọ́kọ́. Aláwọ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ ní October 2024, Àgbádó sí Òyìngbò, kìlómítà 27, ibùdó mẹ́jọ. Iṣẹ́ gidi ni, kò sẹ́ni tó lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ láti Ìjẹ́gun tàbí Ayọ̀bọ́ ní ọkọ̀ tí yóò kọ́kọ́ wọ̀ kó tó rí ìkankan nínú wọn, owó ìyẹn kò sì sí lábẹ́ àṣẹ LAMATA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà l'Ékòó.

Ẹni Mowe wá ni kẹ́ ẹ kí. Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ń gbé, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Apá kan tó wúwo nínú owó ìrìn rẹ̀ ni èyí tó ń san kó tó dé Berger lẹ́nu ibodè Èkó, ibẹ̀ sì ni ẹ̀dínwó Èkó kò ti lẹ́sẹ̀ dé.

Ọ̀kan kù. Nígbà tí wọ́n lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ kúrò ní àwọn ọ̀nà kan ní February 2020, tí wọ́n tún lé ọ̀kadà kúrò pátápátá ní káńsù mẹ́fà ní June 2022, ọ̀rọ̀ ààbò ni wọ́n sọ, n kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń so ilé mọ́ ibùdókọ̀ dínkù. Èyí tó kù gbówó lórí, ẹni tí kò lówó sì ń fẹsẹ̀ rìn.

---

Ará_Peckham:

Ẹ kú àtẹnumọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe yanjú ọ̀rọ̀ sísan owó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní London, torí ó ṣeé lò, ó sì ní àléébù tirẹ̀.

Láti September 2016, tí èèyàn bá fi káàdì sanwó nínú bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì kejì láàárín wákàtí kan kò gbowó mọ́. Láti 2018, iye bọ́ọ̀sì yòówù kó jẹ́ láàárín wákàtí náà. Owó rẹ̀ jẹ́ £1.50 nígbà náà, ó di £1.75 ní March 2023. Ààlà ojúmọ́ tún wà: tí owó bọ́ọ̀sì ọjọ́ kan bá ti dé iye kan (£5.25 ní 2023), ìyókù ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì mẹ́rin dé ibi iṣẹ́ ìmọ́tótó kò san ju ẹni tó wọ ẹyọ kan lọ, bó bá ti wọ ẹ̀kẹrin kí wákàtí tó pé.

Ibi tí ó ti máa ń bàjẹ́: ẹni tó fi káàdì wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó fi fóònù wọ ìkejì. Ẹ̀rọ kà á sí èèyàn méjì, á gbowó lẹ́ẹ̀mejì. Lórí rélùwéè, ẹni tó gbàgbé láti fi káàdì kan ẹ̀rọ nígbà tó ń jáde, iye tó ga jù ni wọ́n máa gbà.

Ẹ má rò pé kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀ o. Iye kan náà ni bọ́ọ̀sì káàkiri ìlú, àmọ́ bí rélùwéè ṣe ń jìnnà sí àárín ìlú ni owó rẹ̀ ń ga, ó sì wọ́n jù láàárọ̀ láàárín aago 6:30 sí 9:30. Nítorí náà, ẹni tó lówó ń fi owó ra àkókò, ẹni tí kò ní ń fi àkókò rẹ̀ sanwó: wákàtí kan àti ààbọ̀ nínú bọ́ọ̀sì dípò ìṣẹ́jú 30.

Lórí káàdì: London kò gba owó ọwọ́ nínú bọ́ọ̀sì mọ́ láti July 2014. Wọ́n fi ààyè kan sílẹ̀ fún ẹni tí owó inú Oyster (káàdì ọkọ̀ London) rẹ̀ kò tó mọ́: ó ṣì lè wọ bọ́ọ̀sì kan sí i, gbèsè náà á jáde nígbà tó bá tún fowó sí i. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè fún lórí Cowry, káàdì tí a fi ń sanwó ọkọ̀ ìjọba l'Ékòó, nìyẹn. Ẹni tí owó ń dé ọwọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í lè fi ₦5,000 pamọ́ sínú káàdì ní ọjọ́ Ajé.

---

Gáréèjì_Gíìkì:

Ó dáa, ṣùgbọ́n wákàtí kan kọ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìkòròdú sí CMS nìkan lè jẹ wákàtí náà tán kí èèyàn tó rí ọkọ̀ kejì. Ti São Paulo ló bá wa mu: wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2004 pẹ̀lú wákàtí méjì, wọ́n sọ ọ́ di mẹ́ta nígbà tó yá, bọ́ọ̀sì mẹ́rin ló sì lè wà nínú rẹ̀. Tàbí kí wọ́n máa ka àkókò náà láti ìgbà tí èèyàn bá sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó nira jù ni ẹ̀rọ inú kẹ̀kẹ́ àti kórópe. Owó ọwọ́ ni awakọ̀ fi ń ra epo láàárín ọjọ́, ó sì gbọ́dọ̀ kó dẹ̀lífà lálẹ́. Tí owó káàdì bá ń pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta kó tó wọlé, á pa ẹ̀rọ náà, á ní ó ti bàjẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà lowó gbọ́dọ̀ wọ àpò rẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ yín gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

---

Ọmọ_Bahia:

Ẹ ti dárúkọ Brazil, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Láti 1985 ni òfin kan ti wà níbẹ̀ lórí owó ọkọ̀ òṣìṣẹ́, ó sì di dandan fún agbanisíṣẹ́ ní 1987. Òṣìṣẹ́ á kọ àdírẹ́sì ilé rẹ̀ àti ọkọ̀ tó ń wọ̀ sílẹ̀, á fọwọ́ sí i. Agbanisíṣẹ́ á yọ ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, á sì san ìyókù. Lórí ₦85,000 yín, ìdá 6 jẹ́ ₦5,100. Nínú ₦70,400 yẹn, ₦65,300 á bọ́ sọ́rùn agbanisíṣẹ́.

Àléébù rẹ̀ méjì. Àwọn kan kì í fẹ́ gba ẹni tó ń gbé jìnnà síṣẹ́ mọ́, torí bọ́ọ̀sì rẹ̀ á pọ̀. Ìkejì, ẹni tó ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ nìkan ni òfin náà bò. Alákàrà etí títì ní Salvador ń san odindi owó.

---

Ìyá_Alátẹ:

Tí Salvador bá rí bẹ́ẹ̀, Èkó á burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwa tí a kò ní ọ̀gá la pọ̀ jù. Ẹ kọ ti ọkọ̀ kejì ọ̀fẹ́ síwájú, kí ti agbanisíṣẹ́ wà lẹ́yìn.

---

Akọ̀wé_Àdúgbò:

Mo gbọ́, màmá. Ìbéèrè ìkẹyìn: tí mo bá fẹ́ kó nọ́ńbà àdúgbò wa jọ, báwo ni kí n ṣe é tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè já a ní koro?

---

Ṣírò_Dáadáa:

Ẹ lọ sí ibùdókọ̀ méjì, láàárín aago 5:30 sí 8 àárọ̀, ní Túsìdeè, Wẹ́sìdeè tàbí Tọ́sìdeè. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì kì í jọ ìyókù. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan sí i nírọ̀lẹ́, torí owó àbọ̀ kì í sábà dọ́gba pẹ̀lú owó àlọ. Tí òjò bá rọ̀, ẹ kọ ti ọjọ́ náà sórí ìwé ọ̀tọ̀, ẹ má pò ó pọ̀ mọ́ ìyókù. 100 èèyàn tó láti bẹ̀rẹ̀, kí ìlàjì wọn jẹ́ obìnrin, kí ẹ sì rí i pé ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ru ẹrù.

Ẹ má béèrè pé "èló lẹ̀ ń ná lóṣù?" Wọn kò mọ̀ ọ́n, wọ́n á kàn méfò. Ẹ béèrè ti àná: ọkọ̀ wo lẹ kọ́kọ́ wọ̀, èló, ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi dúró, èwo ló tẹ̀lé e.

Ẹ fi àlàfo kan sílẹ̀ nínú ìwé náà fún ẹsẹ̀ rírìn. Ẹni tó ti Ìyànà Ìpájà fẹsẹ̀ rìn kìlómítà méjì nítorí àtidín ₦300 kù, á kọ owó kékeré fún yín, ìṣirò yín á sì sọ pé owó ọkọ̀ kò ni í lára. Òun gan-an ló ń ni lára jù. Torí náà, ibi tí ó ti rìn, ẹ kọ ₦0, kí ẹ kọ iye ìṣẹ́jú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè èló ni ọkọ̀ ibẹ̀ ì bá gbà. Ẹ tún béèrè bóyá ìrìn kan wà lọ́sẹ̀ tó kọjá tó yẹ kó lọ, bí ilé ìwòsàn tàbí ibi tí wọ́n ti pè é fún iṣẹ́, tí kò lọ nítorí owó ọkọ̀.